Yìgì Orí Ìtàgé

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fún Ruqoyyah lọ́kọ, kò sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà méjì wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyá rẹ̀ ní Pákátá, ní Ìlọrin, wọ́n ní lágbájá lorúkọ ọkùnrin náà, ṣé ó fẹ́ ẹ àbí kò fẹ́ ẹ? Ọmọ náà wo ilẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á. Àwọn àgbà dúró díẹ̀, wọ́n wúkọ́, wọ́n wo ara wọn lójú, wọ́n ní, "Àlùhámúdùlíláì, ó ti gbà." Nílé àáfà, bí wúńdíá bá dákẹ́, ìdákẹ́ rẹ̀ ni ìdáhùn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ìtìjú ló pa á lẹ́nu mọ́ tàbí ìbẹ̀rù. Bí wọ́n ṣe gbé e lọ nìyẹn.

Ọkọ náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ òkú. Ó ṣòwò, ó jẹun, ó sùn, ó kú. Ọmọ ò sí láàárín wọn. Nígbà tí Ruqoyyah ṣe opó tán, ibo ló tún fẹ́ lọ bí kò ṣe ilé bàbá rẹ̀? Bàbá náà ti lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àáfà Suhaib, ló jókòó sórí awọ àgùntàn bàbá wọn, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú.

Láti ìgbà náà, Ruqoyyah ló ń dáná fún àwọn ọmọ kéú. Òun ló ń rán aṣọ wọn. Òun ló ń gbé omi àlùwàlá síwájú Àáfà. Kò sẹ́ni tó lù ú, kò sẹ́ni tó bú u. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀kùn bá dún gbàà, àyà rẹ̀ a já. Ó ti lé lógójì ọdún, síbẹ̀ ó ti di ẹni tó ń dá èèyàn mọ̀ láti ara ìró ẹsẹ̀ kó tó rí ojú wọn, kó lè mọ bí òun yóò ṣe dúró kí wọ́n tó wọlé.

Ọjọ́ kan, ó jókòó nídìí maṣíìnì lẹ́bàá fèrèsé, Suhaib ń kọ́ àwọn ọmọ àgbà nípa yìgì síso.

"Wúńdíá, bó bá dákẹ́?"

"Ó gbà, Àáfà!"

"Opó ńkọ́?"

Àwọn ọmọ ń ṣí ìwé.

"Opó gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ìdákẹ́ opó kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ fi sọ́kàn."

Ruqoyyah tún òwú bọ abẹ́rẹ́. Kí ló kàn án níbẹ̀? Ta ló tún fẹ́ bi í?

Ẹni tó wá gbé ọ̀rọ̀ tuntun wọlé ni Juliana. Ògbómọ̀ṣọ́ làwọn òbí rẹ̀ ti wá, onígbàgbọ́ ni, ó ń gbé ládùúgbò Fate, eré orí ìtàgé ló kọ́ níwèé. Ó kó àwọn eléré kan jọ tí wọ́n ń pàdé nínú gbọ̀ngàn àtijọ́ kan nítòsí Post Office. Eré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ará Amẹ́ríkà kan kọ láyé ijọ́un, eré ẹlẹ́kún. Ọkùnrin kan àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ń gbé létí òkun. Àlejò kan dé, obìnrin fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní òun gbà, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìgbéyàwó gan-an ó yí ohùn padà lójú gbogbo èèyàn, ó lé àlejò lọ. Obìnrin náà ò sọ nǹkan kan. Ó rìn wọ inú òkun, ó parí. Wọ́n ní àwọn òyìnbó tó bá wò ó kì í lè wa mọ́tò relé bọ̀rọ̀.

Juliana fẹ́ kí àwọn ará Ìlọrin náà sunkún. Ó wá ń yí eré náà padà sí ti ìlú. Òkun di odò Àsà. Yìnyín di ọyẹ́. Ọtí di fúrà. Ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì di yìgì. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí àlejò ti fẹnu ko obìnrin lẹ́nu, ìjà bẹ́. Àríkẹ́, oníwàrà tó ń ṣe aládùúgbò nínú eré náà, fò dìde.

"Ẹnu kí? Níwájú ta ni? Àǹtí Juliana, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n sọ̀kò lù wá ni?"

"Báwo la ṣe máa mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn ara wọn nígbà náà?"

"Kó bu fúrà fún un. Kó kúnlẹ̀, kó gbé e fún un, kó má wojú rẹ̀. Ẹni tó bá lójú á ti rí i."

Juliana yíjú sí àwọn yòókù. "Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀," ló wí.

Aṣọ eré náà ni wọ́n gbé fún Ruqoyyah rán. Suhaib gbà, torí iṣẹ́ ni, òwò ọlá. Ruqoyyah a máa jókòó ní kọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn náà, a máa ṣẹ́ etí aṣọ, a máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Ibẹ̀ ló ti pàdé Jímọ́ọ̀. Èèyàn àádọ́ta ọdún, ó ń tún jẹnẹ́rétọ̀ ṣe ládùúgbò Challenge. Òun ló ń gbé jẹnẹ́rétọ̀ wá fún ẹgbẹ́, wọ́n sì fi í ṣe àlejò inú eré torí pé ohùn rẹ̀ ń rìn jìnnà. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ará oko ni. Àwọn èèyàn rẹ̀ ń gbin àgbàdo àti iṣu, wọ́n ń sin ewúrẹ́, ní abúlé kan lẹ́yìn ìlú. Ọjọ́ tí ó yẹ kí Ruqoyyah wọn aṣọ rẹ̀, ó ju tépù sí i láti òkèèrè.

"Ẹ wọn ara yín."

"Ara mi? Ṣé èmi ni télọ̀ ni?"

"Mi ò lè fọwọ́ kàn yín. Ẹ fi orí rẹ̀ sí èjìká, ẹ fà á dé ọrùn ọwọ́, ẹ kà á fún mi."

Jímọ́ọ̀ fi orí tépù sí ẹ̀bá ọrùn dípò èjìká. Ó kà á. Ruqoyyah kò gbójú sókè kó tó rán an. Ìgbà tí ó gbé aṣọ náà wọ̀, apá rẹ̀ bo ìka ọwọ́ mọ́lẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ rẹ́rìn-ín.

"Ẹ wo aṣọ tó ń wá Jímọ́ọ̀ kiri!" Àríkẹ́ pariwo.

Ruqoyyah mú àlùmọ́gàjí. "Ẹ bọ́ ọ, kí n gé e."

"Rárá o."

"Ẹ̀yin lẹ kà á fún mi bẹ́ẹ̀."

"Èmi náà ni mo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀." Ó gbé apá méjèèjì sókè bí ẹyẹ tí òjò pa. "Ọjọ́ tí ẹ bá lè fi ọwọ́ ara yín ká a, ẹ ó ká a."

Ruqoyyah yí padà sídìí iṣẹ́. Abẹ́rẹ́ gún un ní ìka. Kò tíì sí ẹni tó bá a sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Bóyá àwàdà ni. Àwàdà ni yóò jẹ́.

Oṣù kejì ni ọmọbìnrin tó ń ṣe àbúrò nínú eré rí iṣẹ́ sí Àbújá. Juliana wá bẹ Ruqoyyah. "Jọ̀ọ́, wọ aṣọ náà, kí n rí bó ṣe gba iná." Ó wọ̀ ọ́. Hìjáàbù dúdú, ìbojú dúdú, torí wọ́n ti sọ obìnrin inú eré di ẹlẹ́hàá. Nígbà tó dúró lábẹ́ iná, Juliana fọwọ́ bo ẹnu.

"Má bọ́ ọ. Ìwọ ni kó o ṣe é."

"Èmi? Ẹnu mi kì í yá, Àǹtí."

"O ò ní sọ̀rọ̀ kankan. Ojú ẹ ò ní hàn. Ohùn ẹ ò ní jáde. Ṣe lo kàn máa wà níbẹ̀."

Ruqoyyah rò ó wò. Ohun tí òun ti ń ṣe láti kékeré náà nìyẹn. Ó gbà, kò sì sọ ọ́ nílé.

Ẹni tó ń ṣe àáfà nínú eré náà, àgbàlagbà ni, Bàbá Garba, ládàánì tó ń pe ìrun ni kí eegun tó rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n dé ibi yìgì, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ gbọ́ o. A kì í fi yìgì ṣeré. Àwọn nǹkan kan wà tí àwọn àgbà kọ́ wa pé òótọ́ wọn òótọ́ ni, àwàdà wọn náà òótọ́ ni. Yìgì wà níbẹ̀. Bí wàlí obìnrin, ẹni tó láṣẹ láti fi í fọ́kọ, bá sọ ọ́ tán, tí ọkùnrin gbà, tí ẹlẹ́rìí gbọ́, ẹ ò lè padà ní eré lẹ̀ ń ṣe."

Juliana fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó rí ojú bàbá náà, ó gbé ẹ̀rín mì. "Báwo la ṣe máa wá ṣe é, Bàbá?"

"Kí Àhmádù dé ìdajì, kó dúró. Kó má dárúkọ ẹnikẹ́ni."

Ó bá eré mu, torí ìdajì náà ni ẹ̀gbọ́n inú eré ti ń yí ohùn padà. Àhmádù ló ń ṣe ẹ̀gbọ́n ọ̀hún. Ìparí eré ló wá kù. Bàbá Garba ní òun ò ní dúró síbi tí mùsùlùmí yóò ti para rẹ̀. Àríkẹ́ ní ọmọ Ìlọrin wo ni yóò bọ́ sódò nítorí ẹ̀gbọ́n, kí ni ahọ́n ń ṣe lẹ́nu rẹ̀? Juliana ní bí kò bá wọ omi, kì í ṣe eré ẹlẹ́kún mọ́. Wọ́n wá fi àdéhùn sí i: Ruqoyyah yóò rìn dé odò, iná yóò kú. Ẹni tó bá ní ó kú, kó kú. Ẹni tó bá ní ó sọdá, kó sọdá. Odò ọ̀hún, aṣọ búlúù gígùn kan ni. Ruqoyyah ló ṣẹ́ etí rẹ̀.

Ní gbogbo ìdánrawò ni Ruqoyyah ń kúnlẹ̀ gbé igbá fúrà fún Jímọ́ọ̀. Níjọ́ kan, ó gba igbá náà, kò gbé e sẹ́nu. Ó rọra sọ ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú eré:

"Mo fẹ́ rán Àríkẹ́ sí ẹ̀gbọ́n yín."

Ruqoyyah tẹjú mọ́ igbá. Kò dáhùn.

"Ṣé ẹ ò fẹ́ mi ni?"

Kò dáhùn.

"Mi ò ní ka ìdákẹ́ yìí sí bẹ́ẹ̀ ni o. Mi ò sì ní kà á sí bẹ́ẹ̀ kọ́. Màá dúró títí ẹ ó fi sọ ọ́."

Ó mu fúrà rẹ̀, ó lọ tan jẹnẹ́rétọ̀. Ruqoyyah kúnlẹ̀ síbẹ̀ títí Àríkẹ́ fi wá fà á dìde. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, ẹni àkọ́kọ́ nìyí tó kọ̀ láti ka ìdákẹ́ rẹ̀ sí ìdáhùn. Ó ń rìn lọ sílé, ó ń sọ ọ́ sínú ara rẹ̀. Kò kà á. Ó ní òun máa dúró.

Ọ̀sẹ̀ kejì ló tó rí ohùn. Ó dúró lẹ́yìn jẹnẹ́rétọ̀ tó ń ké, bóyá kí ariwo lè bò ó. Ó ní, "Ẹ rán an."

"Kí lẹ wí?"

"Ẹ rán Àríkẹ́."

Àríkẹ́ gbé wàrà nínú abọ́ tuntun, ó lọ kí Àáfà. Ruqoyyah wà lẹ́yìn fèrèsé, maṣíìnì níwájú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tẹ̀ ẹ́.

"Àáfà, mo rí òdòdó kan nínú ọgbà yín, ẹnìkan ní kí n bá òun tọrọ rẹ̀."

"Òdòdó wo? Ruqoyyah? Ta ló rán ẹ?"

"Jímọ́ọ̀ ni, tó wà ní Challenge, tó ń—"

"Jímọ́ọ̀ wo nínú Jímọ́ọ̀? Wọ́n pọ̀ nílùú yìí bí iyanrìn. Ta ni bàbá rẹ̀? Ilé wo?"

"Ará oko ni, àgbẹ̀ làwọn èèyàn rẹ̀, mùsùlùmí òdodo. Ó ń tún jẹnẹ́rétọ̀ ṣe, ó sì ń ṣe eré díẹ̀."

"Ará oko. Onítíátà." Suhaib sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń yọ òkúta nínú ìrẹsì. "Ilé tí wọ́n ti ń kéwú látayé baba ńlá mi, ṣé ibẹ̀ ni onítíátà fẹ́ ti mú ìyàwó?"

"Ẹ jẹ́ kó wá kí yín, kẹ́ ẹ fojú rí i."

"Mi ò fẹ́ rí ojú rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ kọjá níta yìí."

"Àáfà, kí ló burú nínú kí opó tún lọ́kọ?"

"Ta ló máa dáná fún àwọn ọmọ kéú?"

Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ kó tó mọ̀. Àríkẹ́ rẹ́rìn-ín.

"Hẹn-ẹn. Ẹ gba alásè, Àáfà. Ẹ má fi ọmọ bàbá yín ṣe ààrò." Ó gbé abọ́ rẹ̀. Ó gbé wàrà náà pẹ̀lú.

Nígbà tó jáde, Suhaib pe Ruqoyyah. "Ṣé o gbọ́ ohun tó wá wí?"

Ruqoyyah wo ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ kún inú rẹ̀ bí omi kún kànga, kò sí korobá tí yóò fi fà á.

"Ó dáa. Mo mọ̀ pé ìwọ náà ò fẹ́ ẹ," Suhaib wí, ó ṣí Kùránì rẹ̀.

Ó tún ti kà á. Ruqoyyah padà sídìí maṣíìnì, ó fa òwú já. Ó pẹ́ kó tó mọ̀ pé ìbẹ̀rù nìkan kọ́ ló wà nínú òun. Inú ń bí i.

Nígbà tí Jímọ́ọ̀ gbọ́, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ sóko. Àáfà tó lè so yìgì wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn mi á gbà yín tọwọ́ tẹsẹ̀."

"Mi ò ní sá."

"Kì í ṣe sísá ni mo pè é."

"Ohun tí wọ́n máa pè é nìyẹn. Ẹni tó bá sá, wọ́n á ní ó jí nǹkan. Kí ni mo jí?" Ohùn rẹ̀ ń já, síbẹ̀ kò dúró. "Ẹ̀rù ń bà mí o. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Ṣùgbọ́n iwájú ni màá gbà jáde nílé bàbá mi."

Jímọ́ọ̀ wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. "Ó dáa," ló wí. "A ó gba iwájú."

Ọ̀nà wo ni iwájú? Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú àwọn méjèèjì.

Ọjọ́ eré pé, lẹ́yìn ìrun Àsárì, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Nílé, àlejò dé bá Àáfà lójijì, ebi ń pa wọ́n, ààrò tutù. Suhaib gun ọ̀kadà, ó ní kí wọ́n gbé òun lọ síbi tí àbúrò òun ti ń ránṣọ. Ó rò pé ìdí maṣíìnì lòun yóò bá a.

Orí ìtàgé ló bá a. Yìgì ni wọ́n ń so lọ́wọ́. Bàbá Garba jókòó lórí ẹní. Kùránì tí wọ́n fẹ́ fi ṣe sàdáàkì, ẹ̀bùn ìyàwó, wà níwájú rẹ̀. Ti Jímọ́ọ̀ fúnra rẹ̀ ni, ó ní òun ò ní fi ìwé lásán dípò rẹ̀. Jímọ́ọ̀ wé láwàní, apá aṣọ rẹ̀ ń wọ́lẹ̀. Odò Àsà tẹ́ gbọọrọ lápá kan, Ruqoyyah dúró ní òdìkejì rẹ̀ nínú ìbojú. Àhmádù gbọn agbádá rẹ̀.

"Mo fi ọmọ yìí... mo fi ọmọ yìí fún..."

Ó dúró bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó kù díẹ̀ kó yíjú, kó ní rárá.

"Kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

Ruqoyyah ti mọ ìró ẹsẹ̀ náà kí ohùn tó dún. Suhaib ń bọ̀ láàárín àwọn àga. Ìbojú bo obìnrin náà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n tó ti ń wo ìdúró rẹ̀ láti kékeré, kí ló fẹ́ fi ojú ṣe?

"Ruqoyyah! Lórí ìtàgé! Ìwọ, ta ni ẹ́ tí o ń fi àbúrò mi fọ́kọ?"

Àwọn èrò pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé ara eré ni. "Àáfà yìí gbóná o!" ni ẹnìkan wí.

Àhmádù kì í ṣe ẹni tó ń jẹ́ kí eré dúró. Ó gbé àyà síwájú. "Àbúrò mi ni. Èmi ni wàlí rẹ̀."

Ibẹ̀ ló ti bàjẹ́. Bó bá jẹ́ pé ó bú Suhaib ni, ìbá sàn. Suhaib fò sórí ìtàgé bí ọ̀dọ́.

"Ìwọ kẹ̀? Wàlí? O ò mọ yìgì so, o ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, o ń kólòlò bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka álífù! Èmi ni wàlí rẹ̀! Kò sẹ́ni tó lè fi í fọ́kọ láyé yìí àfi èmi!"

"Bí mo bá ṣì í, Àáfà, ẹ ṣe é ká rí," ni Àhmádù wí.

"Ẹ ṣe é, Àáfà!" ni gbọ̀ngàn wí. Àtẹ́wọ́ ń dún bí òjò lórí páànù. Olùkọ́ ni Suhaib. Láti ogún ọdún, bó bá ti gbọ́ àṣìṣe, ẹnu rẹ̀ kì í gbà á kó kọjá. Ó yíjú sí ọkùnrin tó wé láwàní, ẹni tí Suhaib ti ní òun ò fẹ́ rí ojú rẹ̀, tí kò sì mọ̀ ọ́n.

"Kí lorúkọ ẹ?"

"Jímọ́ọ̀, ọmọ Sàláù."

Bàbá Garba ń gbìyànjú láti dìde. "Àáfà, ẹ dúró, Àáfà—" Orúnkún rẹ̀ ò jẹ́.

Suhaib ti bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ já gaara bí ti òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì: "Èmi Suhaib, wàlí rẹ̀, mo fi Ruqoyyah, ọmọ bàbá mi, fún ìwọ Jímọ́ọ̀ ọmọ Sàláù ní ìyàwó, lórí sàdáàkì Kùránì yìí. Ṣé o gbà á?" Ó kọjú sí èrò. "Ẹ gbọ́? Báyìí ni wọ́n ń ṣe é!"

"Mo gbà á," ni Jímọ́ọ̀ wí. Ohùn rẹ̀ dé ìta. "Mo gbà á tọwọ́ tọkàn."

Tẹ̀sùbáà bọ́ lọ́wọ́ Bàbá Garba.

"Lá iláhà illaláhù," ló wí. "Àáfà, kí lẹ ṣe yẹn?"

"Mo kọ́ wọn ni. Àpẹẹrẹ ni."

"Ẹ̀yin ni wàlí rẹ̀. Ẹ dárúkọ. Ọkùnrin gbà. Èmi gbọ́, Àhmádù gbọ́, gbogbo gbọ̀ngàn yìí gbọ́. Kí lẹ ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ẹni tó bá fi yìgì ṣàwàdà?"

Suhaib yíjú padà. Ó wo Jímọ́ọ̀, ó wo apá aṣọ gígùn náà, ó wo Àríkẹ́ tó ń fi ìborùn bo ẹ̀rín. Ìgbà yẹn ló mọ Jímọ́ọ̀ tó jẹ́. Àwọn èrò ò pàtẹ́wọ́ mọ́. Ó ti yé wọn pé eré ti tán.

"Ó ku ẹnu kan," ni Bàbá Garba wí. "Opó ni."

Suhaib súnmọ́ etí odò, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ruqoyyah. Dákẹ́. Má sọ nǹkan kan. Dákẹ́ bó o ṣe máa ń ṣe, ká máa lọ sílé."

Juliana ń ju ọwọ́ láti ẹ̀gbẹ́ kọ́tìnì. Kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó kàn mọ̀ pé ó tó àkókò kí obìnrin náà rìn wọ omi. "Odò! Ruqoyyah, odò!"

Ruqoyyah wo odò náà. Ó rọrùn o. Bó bá dákẹ́, ó kọ̀. Bó bá rìn, iná á kú. Gbogbo wọn á máa lọ, yóò dé ilé, yóò dáná. Ó rántí àwọn àgbà méjì tó wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà ìyá rẹ̀. Ó rántí ọkùnrin tó gba igbá fúrà tó ní òun máa dúró. Jímọ́ọ̀ wà ní òdìkejì, kò ṣẹ́jú sí i, kò mi orí. Ó ń dúró.

Ruqoyyah bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó mú etí odò Àsà, ó ká a. Ó ń ká a bọ̀ bí télọ̀ ṣe ń ká aṣọ, títí odò fi tán nílẹ̀. Ó fi lé apá, ó rìn kọjá lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ó dúró níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ṣí ìbojú.

"Ẹ̀gbọ́n mi." Ohùn náà kéré. Ó wúkọ́, ó tún un mú. "Ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí mo wà ní wúńdíá, mo dákẹ́, wọ́n ní mo gbà. Mi ò gbà. Ẹ̀rù ló bà mí. Nígbà tí Àríkẹ́ wá, mo dákẹ́, ẹ ní mo kọ̀. Mi ò kọ̀. Ẹ̀rù ló bà mí. Ẹ̀rù ń bà mí báyìí náà. Ṣùgbọ́n mi ò ní dákẹ́. Mo gba Jímọ́ọ̀. Mo gbà á. Mi ò fi ṣeré. Bí ẹ̀yin bá ní ẹ fi ṣeré, ẹ tún un so, màá tún gbà á. Ẹ so ó títí ilẹ̀ fi mọ́, màá gbà á títí ilẹ̀ fi mọ́."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́kún, ó bú sẹ́rìn-ín. "Àlùbáríkà!" ni wọ́n ń ké.

"Ta ló máa dáná?" Suhaib wí, bí ẹni tó ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀.

"Ọwọ́ yín méjèèjì ńkọ́, Àáfà?" ni Àríkẹ́ wí.

Ẹ̀rín ru bo ìtàgé. Suhaib dúró, ó tẹ orí ba. Ó pẹ́. Àhmádù ní, "Àáfà ti dákẹ́. Ó ti gbà nìyẹn."

"Rárá," Ruqoyyah wí. "Ẹ má ka ìdákẹ́ wọn sí nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́."

Àwọn èèyàn dúró dè é. Suhaib gbójú sókè, ó wo àbúrò rẹ̀ bí ẹni tó ń ka ìwé tó ti há sórí tipẹ́ tí kò sì tíì yé e rí.

"Mo sọ ọ́," ló wí níkẹyìn. "Ẹnu mi ló sọ ọ́. Mi ò lè máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ohun tí mi ò lè tẹ̀ lé. Ìyàwó rẹ̀ ni." Ó tẹ́ ọwọ́ àdúà, ojú rẹ̀ ṣì le. Bàbá Garba ṣe é, gbọ̀ngàn ṣe àmín.

Juliana ti jáde síwájú, ó di orí mú. "Eré ẹlẹ́kún mi! Kò sẹ́ni tó kú!"

"Ẹ wo ojú àwọn èèyàn yín," Àríkẹ́ wí. "Ṣé wọn ò sunkún ni?"

Ruqoyyah ò gbọ́ wọn mọ́. Ó gbé odò náà sílẹ̀. Ó fa pínnì méjì yọ nínú etí hìjáàbù rẹ̀, ó fi ẹnu mú ọ̀kan, ó di èkejì mú.

"Ẹ mú ọwọ́ yín wá," ló wí fún Jímọ́ọ̀.

Jímọ́ọ̀ na ọwọ́. Ruqoyyah di ọrùn ọwọ́ náà mú lójú gbogbo Ìlọrin. Ó ká apá aṣọ lẹ́ẹ̀kan, ó tún un ká, títí ìka ọkọ rẹ̀ fi yọ síta. Ó fi pínnì gún un, ó sì ní kó mú ọwọ́ kejì wá.